Ínṣì Mélòó Ni Yóò Gbé Ìyá Mi Délé

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Àgùdà, ní Sùúrùlérè, níwájú ilé tí mò ń gbé gan-an. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú, ínṣì ni mò ń kà: ínṣì àyà, ínṣì ìbàdí, ínṣì gígùn apá. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn mi. Nígbà mìíràn mo máa ń gbé e kọ́rùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìmọ̀. Ká ní ẹnì kan ti sọ fún mi pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ínṣì méjì péré máa da orí mi rú débi tí oúnjẹ kò ní wọ ọ̀fun mi, màá ní onítọ̀hún fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ọjọ́ náà dé. Mọ́tò ló fà á, mọ́tò àti orúnkún ìyá mi.

Ọ̀kadà ló gbé ìyá mi ṣubú lójú ọ̀nà abúlé wa, lẹ́yìn Iléṣà, tó fi orúnkún ọ̀tún gbálẹ̀. Mo lọ gbé e wá sí Èkó kó lè rí ìtọ́jú. Ó ní òun ò ní pẹ́. Àpò aṣọ kan àti àpótí ìdáná rẹ̀, àpótí kékeré onígi tó máa ń jókòó lé bó bá ń dáná, ni gbogbo ẹrù tó gbé dání, torí ó ní òun ò lè jókòó sórí àga Èkó kí òun máa ṣa ẹ̀wà. Àìní pẹ́ náà di ọdún kan, ó tún lé. Dókítà kan wo orúnkún náà, ó ní wọ́n lè yọ ọ́, kí wọ́n fi èyí tí wọ́n fi irin ṣe rọ́pò rẹ̀.  Ìyá mi mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó jáde, ó lọ dúró dè mí lẹ́nu géètì. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti dárúkọ ilé ìwòsàn, ojú rẹ̀ á kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bi mí: ìgbà wo ni òun máa lọ wo ilé òun? Òun àti bàbá mi ni wọ́n jọ kọ́ ilé náà, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn, kí bàbá mi tó kú. Àbúrò ìyá mi obìnrin ń gbé nílé tó tẹ̀lé e, òun ló ń bá a gbá a. Ṣùgbọ́n ìyá mi fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Kò tún ní gun ọ̀kadà láéláé, ó ti búra. Kò sì lè fẹsẹ̀ rìn ín, orúnkún ò gbà. Ó wá ku mọ́tò.

Mo ra jíìpù lọ́wọ́ oníbàárà mi kan tó ń jápa lọ sí Kánádà. Jíìpù àtijọ́ ni, ó ga ju mọ́tò kékeré lọ, mo sì rò pé gbogbo ohun tí wọ́n bá ti pè ní jíìpù ló lè gun òkè. Mo gbé ìyá mi sí i, a kọrí sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀nà ọlọ́dà tán, ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀. A kọjá odò kékeré kan, a dé ìdí òkè tó gùn lọ sí abúlé. Àwọn ọkọ̀ agbégi ti fi táyà gbẹ́ kòtò gígùn méjì sójú ọ̀nà náà. Ó wá ku ebè kan láàárín, òkúta sì yọrí nínú ebè yẹn. Táyà mi bọ́ sínú kòtò, ikùn mọ́tò jókòó sórí òkúta, gbàù. A ò lè lọ síwájú mọ́. Láti ibi tí a há sí yẹn, a ń rí páànù ilé ìyá mi láàárín igi kòkó.

"Òrùlé mi nìyẹn," ó wí.

 Àwọn tó ń bọ̀ láti oko bá wa fi igi gbé mọ́tò kúrò, mo fi ẹ̀yìn wà á sọ̀kalẹ̀, ìyá mi sì ń wo páànù náà títí igi fi bò ó. A ti dé Ìbàdàn kó tó tún la ẹnu. Ohun tó sì sọ ni pé ebi ń pa òun.

Mo pinnu pé mọ́tò náà máa ga. Bí aṣọ bá kúrú, mo máa ń fi kún un. Mo rò pé bákan náà ni ti mọ́tò. Mo wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi ní Mùṣín, ọkùnrin kan tó sanra, tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sábẹ́ mọ́tò, ó rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló kúrú."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, torí òun ló padà wá kó bá wa. Bí mẹkáníìkì Èkó bá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, kì í pe sípíríǹgì, ṣọ́kì àti táyà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gbogbo ohun tí mọ́tò fi ń tẹ ilẹ̀, ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ iwájú ń dún. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti jẹ. Ẹ jẹ́ ká tún ẹsẹ̀ ṣe. Èmi náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, n kì í tiẹ̀ ronú sí i.

"Kí la wá fẹ́ ṣe sí i?"

"Ẹ jẹ́ ká fi sípíríǹgì tó ga sí i. Ínṣì mẹ́ta. Tá a bá ti fún un ní ínṣì mẹ́ta, ẹ̀yin náà ẹ máa gbádùn ẹ̀. Ẹ má wọ̀rì."

Ínṣì mẹ́ta yé mi. Òun ni mo máa ń ká sínú ìṣẹ́tí yẹ̀rì àwọn ọmọ ilé ìwé, kó lè ṣeé tú bí wọ́n bá ń ga. Díẹ̀ ló kù kí n gbà. Ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ́kọ́ yà wo táyà ní Ládìípọ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ibẹ̀ ni ìdààmú mi ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ìjẹ̀bú kan tó ń ta táyà níbẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó mi orí.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fi sípíríǹgì? Ara mọ́tò ni sípíríǹgì ń gbé sókè. Irin tó so táyà méjèèjì pọ̀ nísàlẹ̀ ńkọ́? Ibi tó wà náà ló máa wà. Táyà nìkan ló lè gbé ìyẹn kúrò nílẹ̀."

"Ẹ wá fún mi ní táyà tó fi ínṣì mẹ́ta ga ju èyí lọ."

"Ìyẹn á fún yín ní ínṣì kan àtààbọ̀."

"Mẹ́ta ni mo ní, sà."

"Mo gbọ́. Ọ̀kan àtààbọ̀ lẹ máa rí."

Inú bí mi. Mo rò pé ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni. Mo ní kó fi táyà náà hàn mí, kí n fi ojú ara mi ka ohun tó wà lára rẹ̀. Wọ́n kọ 265/70/17 sí i. Mo bi í èwo ni gíga rẹ̀ nínú àwọn wọ̀nyí. Ó ní kò sí níbẹ̀. Ó ní 265 ni fífẹ̀ rẹ̀, mìlímítà ni. Ó ní 17 jẹ́ ti rímù, ínṣì nìyẹn. Ti 70 kì í ṣe mìlímítà, kì í ṣe ínṣì. Ó ní gíga rọ́bà náà láti etí rímù jẹ́ àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ rẹ̀. Tí mo bá fẹ́ mọ gíga táyà, kí n wá ìdá yẹn, kí n sọ ọ́ di méjì, kí n yí i padà sí ínṣì, kí n wá fi mẹ́tàdínlógún kún un. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣẹ̀fẹ̀. Kò ṣẹ̀fẹ̀ rárá. Irú èèyàn wo ló ń fi òṣùwọ̀n mẹ́ta wọn nǹkan kan ṣoṣo? Bí mo bá ń rán aṣọ báyẹn, wọn ì bá ti fi ọlọ́pàá mú mi tipẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ sílé láìra nǹkan kan, orí ń fọ́ mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Yábàá, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, gbọ́ sí i, ló bá fi tirẹ̀ kún un. Ó ń fi fídíò ránṣẹ́ sórí fóònù mi: àwọn òyìnbó nínú aṣálẹ̀, tí wọ́n ń fi jíìpù gun àpáta, tí táyà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi. "Àǹtí, ínṣì mẹ́rin ló ṣọ́ọ̀ jù o," ó wí. "Mẹ́ta ò lè ríìṣì." Mo ní ó dáa. Kò pẹ́ ló tún fi òmíràn ránṣẹ́. Nínú ìyẹn, irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ti dojú dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, táyà rẹ̀ ń yí lófuurufú. Ó ní kí n ṣáà ṣọ́ra, pé èyí tó bá ti ga jù máa ń ṣubú. Mo ní kó má fi fídíò kankan ránṣẹ́ sí mi mọ́.

Èwo ni kí n wá mú? Ẹni tó ní mẹ́ta ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó ní mẹ́ta kì í ṣe mẹ́ta kò rẹ́rìn-ín, ẹni tó ní mẹ́rin tún ń bẹ̀rù mẹ́rin. Mo gé apá ọ̀tún méjì fún bùláòsì kan lọ́sẹ̀ yẹn, oníbàárà mi sì bi mí bóyá ara mi yá. Ibi tí mo ti ń tú ìbàdí aṣọ obìnrin kan tó ti sanra sí i ni ọ̀rọ̀ bàbá onítáyà ti ṣàdédé yé mi. Mo fẹ́ fi ínṣì méjì kún ìbàdí náà, mo sì tú ínṣì kan lápá ọ̀tún, ínṣì kan lápá òsì. Méjì náà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ò rí ju ọ̀kan lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà. Ìdajì ohun tó fi ga sí i wà lókè irin àárín, ìdajì tó kù ló wà lábẹ́ irin náà, ìdajì ìsàlẹ̀ yẹn nìkan ló sì ń gbé e kúrò nílẹ̀. Mo pariwo.

"Kí ló dé?" ìyá mi bi mí láti kíṣìnì.

"Ọ̀kan ni méjì, Mọ́mì!"

Ó yọjú, ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Inú mi dùn fúngbà díẹ̀, kí n tó rántí pé n kò tíì mọ èwo ni kí n rà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pinnu láti ṣe sípíríǹgì àti táyà pọ̀, mẹkáníìkì sì pè mí. Ìyá mi jókòó sórí àpótí rẹ̀ ní kíṣìnì, ó ń ṣa ẹ̀wà. Èmi wà ní pálọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń pariwo, èmi náà sì ń pariwo sórí fóònù.

"Ẹ yọ ẹsẹ̀ àtijọ́ yẹn dànù," mo wí. "Ó ti jẹ. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ tún máa lẹ̀ ẹ́. Tòkunbọ̀? Ṣé ẹsẹ̀ tòkunbọ̀ á lè pẹ́? Ẹ̀n, ó ti darúgbó lóòótọ́, àmọ́ tí ẹsẹ̀ yẹn bá ti dáa, á ṣì wúlò fún mi. Ibi tó bá ti ń ha, ẹ gé e. Ẹ gé e jàre, mi ò ní bínú."

Fẹ́ńdà ni mo ní kó gé, irin tó yí táyà ká lókè, torí táyà ńlá máa ń ha á bí a bá yí sítíárìn dópin. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo padà sídìí màṣíìnì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ti lè máa rẹ́rìn-ín. Èmi ò fura sí nǹkan kan.

Láti ọjọ́ kejì ni ìyá mi ti yí padà. Kò bi mí nípa ilé rẹ̀ mọ́. Mo rí ọ̀pá rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tó gbé e jù sí. Òun fúnra rẹ̀ ń rìn ní kọ́rídọ̀, síwá sẹ́yìn, láìdi nǹkan kan mú, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Bó bá ti rí mi, á rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣó o rí i? Ẹsẹ̀ mi ti dáa. Kò sóhun tó ń ṣe é." Bí mo bá ti kọjá, mo ń gbọ́ tó ń kérora. Mo gbé ìpara tó máa ń fi pa orúnkún fún un, ó ní kí n gbé e kúrò níwájú òun, ta lẹsẹ̀ ń dùn? Mo rò pé bóyá ó gbàdúrà tí Ọlọ́run sì gbọ́. Mo tún rò pé bóyá ogbó ti ń yí i lórí. N kò mọ èwo ni kí n gbà gbọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ó ń pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù ṣáá, Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n sì ń sọ. Èkó ni wọ́n bí mi sí; Ìjẹ̀ṣà tí mo gbọ́ ò ju ìkíni àti èébú lọ. Mo ń gbọ́ "ẹsẹ̀", mo ń gbọ́ orúkọ ara mi, mo gbọ́ "tòkunbọ̀" lẹ́ẹ̀kan, èyí tó kù ń gba orí mi kọjá. Lọ́jọ́ kan mo wọ yàrá rẹ̀, mo bá gbogbo aṣọ rẹ̀ nínú àpò, ó ti dì í tán. Mo bi í ibo ló ń lọ. Ó ní òun kàn ń tún wọn tò ni.

Òun ló kọ́kọ́ la ẹnu. Mo ń jẹun, ó wá jókòó sí ọ̀kánkán mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ ṣe é?"

"Kí ni, Mọ́mì?"

"Ẹsẹ̀."

Inú mi dùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mọ́tò náà ti ń jẹ òun náà lógún. "Sátidé ni. Wọ́n ní kò ní pẹ́ rárá, wọ́n á parí ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà."

"Lọ́jọ́ kan náà?"

"Ẹ̀n. Wọ́n á kọ́kọ́ fi jáàkì gbé e sókè."

"Jáàkì!"

"Ẹ má bẹ̀rù, ó ti mọ́ wọn lára. Wọ́n á wá tú ti àtijọ́ kúrò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n máa ṣe pọ̀, torí tí wọ́n bá ṣe méjì, kò ní dọ́gba."

Ìyá mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ó wo ti òsì. Ó gbé ojú sókè wò mí.

"Mẹ́rin," ó wí. "Ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ṣé ewúrẹ́ ni mí ni?"

Òkèlè dúró lọ́wọ́ mi. Kò yé mi, kò yé mi, àfi bìrí tó yé mi.

"Mọ́mì, mọ́tò ni! Ẹsẹ̀ mọ́tò!"

"Mọ́tò ní ẹsẹ̀?"

"Táyà! Sípíríǹgì! Kó lè ga, kó lè gun òkè abúlé yẹn, kẹ́ ẹ lè délé yín!"

 Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì pẹ́ débi tó fi di ẹkún, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún rẹ̀ mú. "Mo rò pé o ti tà mí fún dókítà ni," ó wí. "Ẹsẹ̀ tòkunbọ̀! Mo ń ronú pé ẹsẹ̀ ta ni wọ́n fẹ́ fi sí mi lára." Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo rántí bó ṣe ń rìn ní kọ́rídọ̀, tó ń fi ìrora pa mọ́ fún mi. Ìyá mi ń bẹ̀rù mi nínú ilé mi, n kò sì mọ̀.

Ó ní òun máa tẹ̀ lé mi lọ sí Mùṣín, kí òun náà lọ rí ẹsẹ̀ yìí. Nígbà tí a débẹ̀, mẹkáníìkì ti fi jáàkì gbé jíìpù, ó sì ti to pákó sábẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó lè fi bó ṣe máa ga hàn mí: ínṣì mẹ́ta ti sípíríǹgì, àti ọ̀kan àtààbọ̀ tí táyà ńlá máa fi kún un. Mọ́tò náà dúró gàgàrà. Ó wù mí lójú, kí n má purọ́. Ìyá mi wò ó yí ká. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún mi, ó di ilẹ̀kùn mú, ó gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kò dé ibì kankan. Ó tún un gbé, ojú rẹ̀ ń ro, ó sì gbé e padà sílẹ̀.

 Mo ti ro ti òkúta, mo ti ro ti ikùn mọ́tò, mo ti ro ti irin àárín táyà. Orúnkún tí ìrìn-àjò náà tìtorí rẹ̀ wáyé kò sí nínú ìṣirò ẹnì kankan.

"A máa jó irin ìtẹ̀sẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn," mẹkáníìkì wí.

"Irin tó bá ń rọ̀ nísàlẹ̀ kọ́ ni òkúta máa kọ́kọ́ kọ́?"

Ó họ orí. "Òótọ́ lẹ sọ, Àǹtí. A tún ti padà síbi tá a wà."

"Àpótí mi ńkọ́?" ìyá mi bi wá.

Mo wo ìyá mi. Mo yọ téèpù lọ́rùn. Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ sókè débi tí kò ti ní dùn ún, mo kúnlẹ̀ sínú ọ́ìlì ilẹ̀ẹ́lẹ̀ Mùṣín, mo wọ̀n ọ́n: ínṣì mẹ́wàá. Mo mọ gíga àpótí náà lórí, torí èmi ni mo rán aṣọ tó bò ó. Mẹ́wàá ni òun náà. Láti ilẹ̀ sórí àpótí, láti orí àpótí sínú mọ́tò, ogún ni gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan jíìpù náà, méjìdínlógún ni láti ilẹ̀ dé ibi tí a ń tẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ku méjì.

"Méjì péré?" mẹkáníìkì bi mí. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Méjì. Ọ̀kan ti sípíríǹgì, ọ̀kan ti táyà. Ẹ wá táyà tó fi méjì ga, á fún wa ní ọ̀kan."

"Tó bá wá jẹ́ pé òkúta yẹn ò gbà fún méjì ńkọ́?"

 N kò mọ̀ bóyá á kọjá, òun náà ò mọ̀, bàbá onítáyà ò sì sí níbẹ̀. Ìyá mi ló dá a lóhùn.

"Ibi tí ẹsẹ̀ mi bá lè dé ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà mọ."

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Nígbà tí àkókò òjò kọjá, a kó ẹrù. Mo gbé àpótí sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò, ìyá mi tẹ̀ ẹ́, ó tẹ inú mọ́tò, ó jókòó, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe bí ẹni pé láti ọjọ́ tó ti dáyé ló ti ń gun jíìpù. Mo gbé àpótí sí búùtù. Àpò aṣọ rẹ̀ wúwo ju ti àlejò lọ, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ̀bùn ló kó fún àbúrò rẹ̀.

Kòtò òkè náà ti jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo sọ̀kalẹ̀, mo fi téèpù wọn òkúta, mo wọn abẹ́ mọ́tò, mo tún òkúta wọ̀n. Iye tí mo rí kò bára mu lẹ́ẹ̀mejèèjì. 

"Kí lò ń wọ̀n?" ìyá mi pariwo láti fèrèsé. "Kúrò nínú kòtò! Fi táyà kan gun orí ebè, kó o fi èkejì gba etí ọ̀nà. Bí àwọn ọlọ́kọ̀ kòkó ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mọ́tò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń ké Jésù, ìyá mi di ilẹ̀kùn mú. Irin kan lábẹ́ wa ha òkúta, kẹ̀rẹ̀rẹ̀, ó sì ń ha á lọ bí ẹni pé kò ní tán. Ó tán. Páànù ilé yọ láàárín igi kòkó, lọ́tẹ̀ yìí a ń sún mọ́ ọn.

Àbúrò rẹ̀ ti ń pariwo bọ̀ kí n tó pa mọ́tò. Mo gbé àpótí sílẹ̀, ìyá mi tẹ̀ ẹ́, ó tẹ ilẹ̀ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ara ògiri, ó fi kan férémù ilẹ̀kùn, ó wọlé. N kò tẹ̀ lé e. Mo ń gbọ́ tó ń ṣí fèrèsé, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn.

Nígbà tí ọjọ́ tí a máa padà pé, àwọn oníbàárà mi ti ń pè mí lórí fóònù láti Àgùdà. Mo wẹ̀, mo mú mọ́tò gbóná, mo ṣí ilẹ̀kùn apá ti ìyá mi sílẹ̀. Mo wá àpótí nínú búùtù, n kò rí i. Mo wá a lójúde, kò sí. Mo gba ẹ̀yìn ilé, mo bá ìyá mi ní ilé ìdáná, ó jókòó sórí rẹ̀, ó ń bẹ iṣu. Ìkòkò ti wà lórí iná.

"Mọ́mì, àpótí yẹn la fẹ́ lò o. Oòrùn ń ga lọ."

"Àpótí wo?" Kò gbé ojú sókè. "Àpótí ìdáná mi nìyí. Ilé ìdáná ló wà."

Mo dúró pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé kò gbọ́ mi ni. Mo tún rò pé ó ń bá mi ṣeré. Àpò aṣọ tó wúwo, aṣọ tó ní òun kàn ń tún tò, àbúrò rẹ̀ tí kò lè wo ojú mi láti àárọ̀, gbogbo rẹ̀ ń to ara wọn níwájú mi, mo sì ń kọ̀ láti kà á. Láìsí àpótí, kò sí bó ṣe máa wọ mọ́tò. Èmi ni mo fi téèpù ara mi ṣe é bẹ́ẹ̀.

"Ẹ ò tiẹ̀ sọ fún mi," mo wí. 

"Tí mo bá ti sọ fún ẹ, ṣé wàá gbé mọ́tò náà sókè?" Ó wá gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ rọ̀. "Ẹsẹ̀ mọ́tò ẹ ti dáa báyìí. Á gbé ẹ délé, á tún máa gbé ẹ wá. Jẹ iṣu kó o tó lọ."

Mo jẹ iṣu. Mo sunkún díẹ̀ lórí iṣu náà, kò sì sọ pé òun rí i. Lẹ́yìn náà mo wọ mọ́tò, mo ti ilẹ̀kùn apá ti ìyá mi pa, mo kọrí sí ìsàlẹ̀ òkè. Nígbà tí mo dé ibi òkúta, mo di sítíárìn mú gírígírí, mo ń retí kí irin dún. Kò dún rárá. Mọ́tò ti fúyẹ́, ó sì ti ga sí i.